Owó tí n kò kọ sínú ìwé

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ béèrè bóyá ìtọ́jú òṣìṣẹ́ àti àyíká lè mú èrè wọ iléeṣẹ́ kékeré, àbí ṣe ló kàn ń jẹ owó, ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ gààrí ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi ń ṣe gààrí lẹ́bàá Abẹ́òkúta, mo gbà pé mò ń jèrè, nítorí owó ẹ̀gẹ́, owó epo ẹ̀rọ àti owó iṣẹ́ nìkan ni mo ń kọ sílẹ̀. N kò kọ ti èéfín. Abẹ́ òrùlé kan náà la ti ń koná sábẹ́ agbada, àwọn obìnrin tó ń dín gààrí a máa fi ọwọ́ kan ro ó, wọn a sì máa fi etí ìró nu omijé. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú yóò fi lọ, ẹni tuntun yóò dé, gààrí yóò jóná tàbí kí ó má gbẹ dáadáa, oníbàárà yóò sì dá àpò padà. Lọ́jọ́ tí mo jókòó ka àwọn àpò tí wọ́n dá padà láàárín ọdún kan, owó wọn ju ohun tí mo san fún bíríkìlà nígbẹ̀yìn lọ, ẹni tó gbé ẹnu ààrò sí ẹ̀yìn ògiri, tó sì ṣe ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde. Àwọn ìyá méjì tó ti lọ padà wá. Kódà igi ìdáná tí à ń rà dín kù, nítorí ooru kò fọ́n ká mọ́.

Omi ẹ̀gẹ́ tó ń ro lábẹ́ jáàkì, irin tí a fi ń fún ẹ̀gẹ́ tí a ti rin, ní oró nínú. Tiwa ṣàn wọ oko ẹ̀fọ́ aládùúgbò, mo sì sanwó ẹ̀fọ́ rẹ̀ kí n tó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kòtò tí omi náà ń dúró sí.

Ní ti èèpo ẹ̀gẹ́, ILRI, àjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, àti IITA, àjọ tó ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, n'Íbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún un, tí a sì sá a, tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù lè di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Orí tapólì làwa ń sá tiwa sí, àwọn tó ń sin ewúrẹ́ sì ń rà á, àmọ́ kì í pé wa lásìkò òjò.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìka òṣìṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ gé. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń ṣètò owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, nítorí irú ìpalára bẹ́ẹ̀. N kò san án, àpò ara mi ni gbogbo owó ìtọ́jú rẹ̀ sì ti jáde. Mo ti ń san án báyìí, irin sì ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ dé eyín rẹ̀.

Bí owó yín kò bá tíì ká gbogbo rẹ̀, ẹ fi irin ẹnu ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, kí èéfín tẹ̀ lé e.