Owó Èsúsú Yìí, Ṣé Ṣíà Báńkì Kan Ni Kí N Kó O Sí?

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹkárá àti léèsì ni mò ń tà ní Balógun, ó ti tó ọdún méjìdínlógún báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èsúsú, ₦1,500,000. Ilẹ̀ la fẹ́ fi rà ní Ìkòròdú, àmọ́ a gbọ́ pé ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà, ni ọkọ mi bá ní ká dá ọwọ́ dúró. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní kí n má jẹ́ kí ọ̀wọ́n ọjà jẹ owó náà mọ́ mi lọ́wọ́, kí n fi gbogbo ẹ̀ ra ṣíà báńkì tí òun ń bá ṣiṣẹ́, pé láàárín ọdún méjì yóò ti di ìlọ́po méjì. Nígbà tí mo ní ẹ̀rù ń bà mí, ó ní ó dáa, kí n pín in sí báńkì mẹ́rin, pé bí ọ̀kan bá ṣubú, mẹ́ta á dúró. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Yunifásítì Èkó ní Àkókà ní kí n má fúnra mi ra ṣíà kankan, mutual fund ni kí n rà. Èwo ni kí n ṣe? Owó ilé-ìwé ọmọ mi kejì, ₦400,000, wà nínú ẹ̀ o. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa gbà á.

Aláṣọ, Balógun, Èkó

ÌDÁHÙN

Ìyá aláṣọ, ẹ kú oríire èsúsú. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ilé-ìwé yẹn sọ́tọ̀ lónìí, kó tó di pé a sọ ọ̀rọ̀ kankan. Owó tó bá ti ní ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà á kì í ṣe owó ṣíà, ì báà jẹ́ ṣíà ilé iṣẹ́ kan tàbí ti ọgọ́rùn-ún. Oṣù Kẹsàn-án yẹn gan-an lè jẹ́ oṣù tí ọjà máa wálẹ̀, ẹ óò sì tà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọmọ ò lè jókòó sílé. Ẹ fi sínú money market fund, ìyẹn àpò tí wọ́n fi ń ra tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú fún ìgbà díẹ̀, àti irú ẹ̀. Á máa mú èrè díẹ̀ wá, ọjọ́ tí ẹ bá sì béèrè ẹ̀, kì í pẹ́ kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ó ku ₦1,100,000. Kí n tó dá sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú èmi náà rí.

Ọ́fíìsì alágbàtà ṣíà kan nítòsí Broad Street ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò jìnnà sí Customs Street tí ilé pàṣípààrọ̀ ṣíà wà. Èmi ni mo máa ń gba fọ́ọ̀mù, tí mò ń ka owó, tí mò ń lu òǹtẹ̀. Ní 2004, Soludo tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan wá ₦25 bílíọ̀nù tàbí kó pa pọ̀ mọ́ òmíràn. Nígbà tí 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25. Wọ́n jáde síta, wọ́n ń ta ṣíà fún aráàlú, owó ṣíà sì ń fò sókè lójoojúmọ́ bí ẹni pé kò ní í wálẹ̀ mọ́ láéláé. Awakọ̀ dáńfó ń rà. Olùkọ́ ń yá owó alájẹṣẹ́kù rà á. Èmi náà yá a.

Ní 2007, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Òyìngbò wọlé tọ̀ mí wá. Ó jókòó, ó tú etí ìró ẹ̀, ó mú náílọ́ọ̀nù dúdú kan jáde tó fi rọ́bà dè ní ìdè mẹ́rin. Òórùn ẹja ló kọ́kọ́ jáde kó tó kan owó. ₦200, ₦500, ó ti na gbogbo ẹ̀ dáadáa, ó jẹ́ kí orí gbogbo wọn kọjú síbi kan náà. A kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ₦340,000. Mo béèrè èwo ni kí n bá a rà. Ó wojú mi, ó ní, “Àǹtí, èwo lẹ̀yin fúnra yín rà?” Mo dárúkọ báńkì tí mo rà. Ó ní, “Ẹ kọ ìyẹn fún mi.”

Mi ò ní dárúkọ báńkì náà níbí. ₦38 ni mo ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹta 2008, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà ṣíà wa pọ̀ lé ní 66,000. Nígbà tí 2009 fi parí, kò tó 21,000 mọ́. ₦38 tèmi di ₦3. Ìyá ẹlẹ́ja wá ní 2010. Kò pariwo, kò bú mi, ó kàn béèrè pé ìgbà wo ló máa padà. Mo ní ká ṣe sùúrù. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí báńkì náà kógbá sílé, tí ṣíà ẹ̀ di bébà lásán. Sátífíkéètì tèmi ṣì wà nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí dòní, òǹtẹ̀ pupa ẹ̀ ò tíì ṣá. Mi ò tún fojú kan ìyá yẹn mọ́, ọ̀rọ̀ sùúrù tí mo sọ fún un yẹn sì ń dùn mí.

Ìdí ni pé ọjà ṣíà fúnra ẹ̀ padà bọ̀ sípò o. Ní 2023, òǹkà yẹn kọjá ibi tó dé ní 2008. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní 2024, ó ti lé ní 100,000. Ẹni tó ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ọjà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi dúró, àmọ́ ó rí nǹkan tó dúró dè. Kí ni èmi àti ìyá ẹlẹ́ja ń dúró dè? Nígbà tí ọjà gbéra, báńkì tiwa ò sí lórí àtẹ mọ́. Sùúrù wúlò fún ẹni tó ní gbogbo ọjà. Fún ẹni tó ní ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, sùúrù lè máà já mọ́ nǹkan kan, torí ilé iṣẹ́ kan lè wólẹ̀ kó má dìde mọ́.

Mi ò sì ní tàn yín: náírà tó padà sọ́wọ́ àwọn tó dúró yẹn kì í ṣe náírà tí wọ́n kó síbẹ̀. Dọ́là kan ò tó ₦120 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Nígbà tí 2023 ń parí, ó ti lé ní ₦800. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín pé kí ẹ kó gbogbo owó sí ṣíà, bó ti wù kí oríṣi ẹ̀ pọ̀ tó.

Ní ti báńkì mẹ́rin tí àbúrò yín sọ, ẹ̀yin gan-an lẹ lè dá a lóhùn láti ìdí ìsọ̀ yín. Tí ẹ bá kó léèsì kan náà ní àwọ̀ mẹ́rin, ṣé ọjà mẹ́rin lẹ kó? Lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà bá ní ayé ò wọ léèsì yẹn mọ́, àti pupa àti búlúù ló máa sùn sórí àtẹ. Báńkì àpapọ̀ kan náà ló ń pàṣẹ fún báńkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú àwọn oníṣòwò ńlá kan náà ni wọ́n ń yá lówó, àìsàn náírà kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ní oṣù Kẹfà 2025, báńkì àpapọ̀ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo pé kí àwọn báńkì tí òun ṣì ń bá fojú fo gbèsè tí àwọn oníbàárà wọn ò san dá sísan èrè orí ṣíà dúró ná. Ọjọ́ Jímọ̀ ni lẹ́tà náà jáde. Nígbà tí ọjà ṣí lọ́jọ́ Ajé, ṣíà báńkì púpọ̀ ló jọ já wálẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pín in lóòótọ́, sìmẹ́ǹtì, oúnjẹ, tẹlifóònù, epo àti báńkì ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí bọ́ǹdì ìjọba náà, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá fún ọdún mélòó kan tó sì ń san èlé lé e, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan fún àbúrò yín fúnra ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń ká mi lára. Báńkì yẹn ló ń san owó oṣù ẹ̀. Tó bá tún kó ìpamọ́ ẹ̀ sí ṣíà wọn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló lè pàdánù iṣẹ́ àti ìpamọ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Enron ní Houston wólẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2001, bẹ́ẹ̀ ṣíà Enron ló lé ní ìdajì owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ tò jọ sínú ètò ilé iṣẹ́ náà. Inú ilé náà ni wọ́n wà o, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde, wọn ò sì mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọmọ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù. Mutual fund, ẹ wò ó bí èsúsú tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá, tí ẹnì kan tó ní ìwé àṣẹ wá ń bá gbogbo yín fi ra ogún tàbí ọgbọ̀n ilé iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá kógbá sílé, okùn kan ló já nínú aṣọ. Hendrik Bessembinder, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, yẹ ṣíà tí wọ́n tà níbẹ̀ láti 1926 sí 2016 wò. Gbogbo èrè tí ọjà wọn fi ju ti tírẹ́ṣọ́rì bíìlì lọ, nǹkan bí ilé iṣẹ́ 4 nínú 100 ló mú un wá. 96 tó kù, lápapọ̀, èrè tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ni wọ́n ṣe. Ta ló máa bá wa ṣa mẹ́rin yẹn? Mo jókòó ti àwọn tí wọ́n kàwé lé e, tí wọ́n fi ń jẹun, mo sì rí iye ìgbà tí wọ́n ṣì í. Àmọ́ ẹni tó ra gbogbo ọgọ́rùn-ún, kò sí bí mẹ́rin yẹn ò ṣe ní í wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Níbí náà, àwọn àpò kan wà lórí NGX, ìyẹn ilé pàṣípààrọ̀ ṣíà wa, tó ń ra ilé iṣẹ́ 30 tó tóbi jù, ọ̀nà tí ẹ fi ń ra ṣíà lẹ máa fi rà á. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì, tẹlifóònù àti báńkì díẹ̀ ló wúwo jù nínú ọgbọ̀n yẹn.

Tó bá jẹ́ owó mi ni, ₦600,000 á lọ sí bọ́ǹdì ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Láti ₦5,000 lẹ ti lè rà á, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé ẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkòròdú yẹn bá lè yanjú láàárín ọdún kan, ẹ má rà á, ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà wà nínú money market. ₦400,000 á lọ sí mutual fund tó ń ra ṣíà, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ₦40,000 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá, bí ẹ ṣe ń dá èsúsú. Bí ẹ bá ra díẹ̀ nígbà tó wọ́n, ẹ ó tún rà lára ẹ̀ nígbà tó bá wálẹ̀. ₦100,000 tó kù, tí ọkàn yín bá fẹ́ báńkì àbúrò yín, ẹ fi rà á. Tó bá gòkè, ẹ bá a yọ̀. Tó bá kú, ìsọ̀ yín ò ní í tì.

Ẹ wo orúkọ àpò náà àti ti ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o lórí ìwé SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún, ẹ má sì san kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì ẹnì kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá yín dá ọjọ́ tí owó máa di ìlọ́po méjì. Kò sí oníṣíà tó mọ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá àbúrò yín gan-an ò mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá. A bá sátífíkéètì ṣíà mọ́kànlá nínú àpótí wọn, ti sìmẹ́ǹtì, ti ọtí, ti ọṣẹ, ti epo, ti báńkì. Ó ti pẹ́ tí wọn ò ti rí èrè kankan gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ta gbogbo ẹ̀, ká fi ra èyí tó ń gòkè jù. Ṣé ká tà á?

Atẹ̀wé, Ṣómólú

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ má tíì ta ohunkóhun, ẹ ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ó lè jẹ́ pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn ti kógbá sílé, kí àwọn tó kù sì ti bí sí i, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fún àwọn oníṣíà ní ẹ̀bùn ṣíà tí kì í hàn lára sátífíkéètì àtijọ́. Ó sì lè máà jẹ́ pé wọn ò san èrè. Láyé ìgbà yẹn, ìwé èrè bíi ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì oníṣíà, ó sì ṣeé ṣe kí bàbá ti kó kúrò níbẹ̀, kó má sì sẹ́ni tó gbà á.

Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ gbé e lọ bá rẹ́jísítíráà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn oníṣíà, orúkọ wọn wà lára sátífíkéètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti yí padà. Kí wọ́n gbé ṣíà náà kúrò lórí bébà lọ sínú àkáǹtì ní CSCS, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ṣíà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù tí èrè á fi máa wọ báńkì tààrà. Ẹ má pẹ́, torí èrè tó bá ti lé ní ọdún 12 tẹ́nì kan ò gbà, òfin ò fi dandan lé e mọ́ pé kí ilé iṣẹ́ san án. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó orí ni, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, mo bẹ̀ wọ́n. Bàbá pín owó ẹ̀ sí ọ̀nà mọ́kànlá nígbà tí kò sí mutual fund tó pọ̀ nílùú, ẹ má rọ́ ọ sójú kan lọ́dún kan ṣoṣo. Tí ẹ bá nílò owó fún nǹkan gidi, ẹ ta díẹ̀díẹ̀ lára èyí tó pọ̀ jù.

Kí ẹ tó fa sátífíkéètì kankan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀, kí akọ̀wé tó gbà á sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́.