Èsì: Ìdí tí péptáìdì yín kò fi wọ HLA-A2

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará LAUTECH. Ẹ béèrè ìdí tí péptáìdì yín (ẹ̀wọ̀n kúkúrú amino acid, ẹyọ tí a fi ń kọ́ purotéènì) kò fi wọ HLA-A2, purotéènì ojú sẹ́ẹ̀lì tó máa ń gbé péptáìdì han sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ààbò ara. Gígùn péptáìdì yín ló fa ìṣòro náà: yàrà HLA-A2, ibi tí péptáìdì máa ń wọ̀ sí, dí ní ìpẹ̀kun méjèèjì, nítorí náà amino acid 8 sí 10 ló sábà máa ń gbà, 15 tí ẹ lò ti pọ̀ jù.

Ẹ má kàn gé e níbi tó wù yín. Ẹ wá ibi tí amino acid 9 bá ti tò léra, tí leucine wà ní ipò kejì, tí valine tàbí leucine (irú amino acid ni àwọn méjèèjì) sì wà ní ìparí, nítorí pé ti ipò kejì àti ti ìparí yìí ló máa ń rì wọ inú kòtò ìsàlẹ̀ yàrà náà bí èèkàn, nígbà tí àwọn kan láàárín máa ń yọ sókè fún sẹ́ẹ̀lì T láti yẹ̀ wò.

HLA-A2 ni mo ń sọ o. Bó bá jẹ́ HLA-DR, purotéènì mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ni, yàrà tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kò sì ní kọ 15 nítorí gígùn.