Kí la ó sọ fún ọmọ nípa ogun Biafra?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ti iléèwé dé ní Houston níbí, ó ní ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ ọmọ Ígbò sọ pé Yorùbá ló dalẹ̀ Biafra, tó sì fi ebi pa wọ́n. Bàbá rẹ̀ fìbínú sọ pé Ígbò ló kọ́kọ́ pààyàn. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn láti London: Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí níbi tó wù ú. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ to déètì sí i.

15 oṣù Kìíní 1966: àwọn sójà pa Balewa (olórí ìjọba àpapọ̀), Sardauna (olórí Òkè Ọya) àti Akíntọ́lá (olórí Ìwọ̀-Oòrùn). Ígbò ló pọ̀ jù nínú àwọn sójà náà, ṣùgbọ́n Adéwálé Adémóyèga wà níbẹ̀. 29 oṣù Keje: sójà Òkè Ọya pa Ironsi, Ígbò tó ti di olórí ìjọba, àti Fájúyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, tó gbà á lálejò n'Ìbàdàn. Ẹ má fo èyí o: lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ígbò lókè Ọya. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ìyẹn kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi tẹ̀lé Ojukwu, gómìnà Ìlà-Oòrùn. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé Aburi ní Ghana, ìpínlẹ̀ 12 tí Gowon, olórí ìjọba lẹ́yìn Ironsi, dá sílẹ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún 1967, àti ìkéde Biafra lọ́jọ́ 30.

Ní 1 oṣù Karùn-ún náà, Awólọ́wọ̀, aṣáájú Yorùbá, ní bí ìjọba àpapọ̀ bá fi ìwà rẹ̀ jẹ́ kí Ìlà-Oòrùn lọ, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà gbọ́dọ̀ lọ. Ìjọba Ojukwu ní Enugu gbọ́ ọ bí ìlérí. Èmi ò gbà pé ìlérí ni. Sójà Òkè Ọya ṣì wà láàárín wa nígbà yẹn, báwo la ṣe fẹ́ lọ? Àmọ́ kò pẹ́ tí Awólọ́wọ̀ fi di kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó Gowon, ẹ sọ ìyẹn náà.

Lórí ebi, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ìjọba dí ojú omi àti ọ̀nà ilẹ̀. Ojukwu kọ̀ kí oúnjẹ gba ọ̀nà tí ìjọba là kalẹ̀. Òru ni bààlúù ń gbé e wá sí Uli, pápá ọkọ̀ òfuurufú Biafra. Ní 1983, Awólọ́wọ̀ ní sójà Biafra ló ń já oúnjẹ gbà lọ́nà. Gbogbo èyí ni ọmọbìnrin mi kà sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ìyá àgbà rẹ̀ sin ọmọ nígbà ogun. Ọmọ yẹn ò wá sílé wa mọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ẹ jẹ́ kí tiyín kọ́kọ́ bá wọn kẹ́dùn ná.

Lórí £20, ẹ má gbèjà rárá. Lẹ́yìn ogun, ẹni tó ti lo àkáǹtì rẹ̀ ní Biafra gba £20 péré, iye yòówù kó ní níbẹ̀. Ní 1972, òfin ní kí òyìnbó ta ìpín iléeṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Kí lẹni tó gba £20 fẹ́ fi rà á?

Ká ní ilé ni wọ́n dàgbà sí ni, wọn ì bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá Ígbò tí a jọ ń gbé ojúlé kan. Fóònù ló ń sọ ọ́ fún wọn báyìí. A ò kó wọn wá síbí láti fi ìyẹn dù wọ́n, àmọ́ ó ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé àwọn Ígbò tí wọ́n gbà ní Port Harcourt, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kí àwọn méjèèjì jọ ka bébà yẹn, kí bàbá rẹ̀ jókòó tì wọ́n, kó sì pa ẹnu mọ́.