Tí omi bátìrì ínfátà yín bá wálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣáàjì bátìrì yẹn da ásíìdì sí i o. Ẹ ní omi inú ẹ̀ ti wálẹ̀, iná kì í pẹ́ mọ́, òun wá ní ásíìdì ló tán. Irọ́ ni. Omi ló ń lọ. Tí bátìrì bá ti ń ṣáàjì tó kù díẹ̀ kó kún, iná á máa sọ omi di afẹ́fẹ́, á gba ojú ihò jáde. Sulfuric acid, ìyẹn ásíìdì tí wọ́n rọ sí i ní tuntun, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo omi inú ẹ̀, ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Bí wọ́n ṣe ba tèmi jẹ́ nìyẹn. Mi ò sí nílé, rewáyà kan dé, ó rọ ásíìdì kún un dẹ́nu. Níbẹ̀rẹ̀, iná ń pẹ́, gbogbo ilé ń yìn ín. Kò pẹ́ tó fi ń gbóná janjan, ásíìdì ń jẹ òjé inú ẹ̀, òjé ń já sílẹ̀, ó di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ distilled water sí lára. Ẹ ka ara ike dáadáa, torí “omi bátìrì” làwọn ọlọ́jà kan ń pe òun àti ásíìdì. Kì í ṣe piọ́ wọ́tà, kì í sì í ṣe omi tó ń kán lára éásí. Ẹ ṣáàjì ẹ̀ kún kẹ́ ẹ tó bù ú sí i, àfi tí òjé bá ti yọ sókè omi. Ìwọ̀nba tó máa bò ó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù.

Ẹ wá hydrometer yá, gíláàsì tó ní rọ́bà lórí yẹn, tó ń wọn bí omi bátìrì ṣe wúwo tó, kẹ́ ẹ fi fa omi ihò kọ̀ọ̀kan wò. Tó bá ti kún, 1.240 sí 1.280 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tí márùn-ún bá wà níbẹ̀, tí ẹyọ kan jókòó sí 1.150, ihò yẹn ti kú, ásíìdì ò lè jí i.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, kẹ́nikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde yẹn ń gbiná. Tí ásíìdì bá ta sí yín lára, omi ẹ̀rọ ni kó máa ṣàn lé e fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ má fi epo pupa pa á. Aṣọ ńkọ́? Ṣòkòtò tèmi ò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ ló di asẹ́.

Ẹ fi nọ́ńbà ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó náwó lé òmíràn.