Ẹ yí i sẹ́yìn wò kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ọ̀ṣọ́ àyà, irú èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ há mọ́ aṣọ, tí ìyá yín àgbà fi sílẹ̀: aláwọ̀ góòlù, tó ní èso wínníwínní lára bí ọkà bàbà, pẹ̀lú òkúta pupa mẹ́ta, tí kò sì ní òǹtẹ̀ kankan, ìyẹn àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní iṣẹ́ nǹkan bí 1860 ni, ẹlòmíì ní kí ẹ tà á ní ìwọ̀n bí àlòkù góòlù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ má sì fọ̀ ọ́.

Fífọ̀ yẹn ni mo fi ṣáájú torí ó ń dùn mí títí dòní. Ojúlówó ọ̀ṣọ́ àtijọ́ àkọ́kọ́ tí mo rà, ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Nígbà tó fi máa gbẹ, òkúta tó ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. N kò mọ̀ pé àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ a máa tẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán sábẹ́ òkúta kó lè máa tàn, wọn a wá fi góòlù dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Bí omi bá ti wọ ibẹ̀, ó parí.

N kò yára gba 1860 gbọ́ torí pé àrà èso wínníwínní yẹn nìkan kò lè sọ ọjọ́ orí. Àwọn ará Etruria ní Ítálì ti ń ṣe é ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tí wọ́n ṣí ibojì wọn kan tí wọ́n ń pè ní Regolini-Galassi ní Cerveteri ní 1836, góòlù inú rẹ̀ ya àwọn alágbẹ̀dẹ lẹ́nu, ìdílé alágbẹ̀dẹ góòlù kan, Castellani, ní Róòmù sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí wọ́n ṣe ń to èso bẹ́ẹ̀ tí iná kò fi yọ́ wọn pọ̀. C méjì tó kọ́ra ni òǹtẹ̀ tiwọn. Àìmọye ènìyàn ló ti tún àrà náà ṣe lẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Íjíbítì: lẹ́yìn tí awalẹ̀pìtàn Howard Carter rí ibojì ọba Tutankhamun ní 1922, yímíyímí, kòkòrò tó jẹ́ àmì Íjíbítì àtijọ́, ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi òkúta gbẹ́ káàkiri. Bí ẹ bá sì rí MMA lẹ́yìn ohun ọ̀ṣọ́, ẹ̀dà tí Metropolitan Museum of Art, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní New York, ń tà ni.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń há. Èyí tó pẹ́ sábà máa ń ní ìkọ́ lásán tó tẹ̀ bíi C. Èyí tó ní ìdè tó ń yí pa, ọ̀rúndún ogún ló sábà ti wá. Wọ́n sì lè ti pààrọ̀ ìkọ́ náà, nítorí náà ẹ wá ibi tí òjé eléérú ti ràn sára góòlù. Òjé yẹn a máa já iye rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, torí kò ṣeé yọ bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wo àwọn èso náà. Èyí tí wọ́n fọwọ́ tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á dá dúró, ìdí rẹ̀ nìkan ló máa kan góòlù abẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, ìdí wọn á dàpọ̀ mọ́ra, ihò tíntìntín á sì wà láàárín wọn.

Àìsí òǹtẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ayédèrú. Bó bá wà, nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ ìdá mélòó nínú ẹgbẹ̀rún ló jẹ́ ojúlówó: 750, 585 àti 375 jẹ́ ti góòlù, 800 àti 925 jẹ́ ti fàdákà.

Ó ku òkúta. Mo fi owó oṣù mẹ́ta ra ẹ̀gbà ọrùn kan tí wọ́n pè ní émírádì. Ìyá àgbà kan tó ń yẹ òkúta wò dà á dojú bolẹ̀ sórí bébà funfun, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òrùka pupa yí etí òkúta aláwọ̀ ewé náà ká. Awẹ́ tín-ín-rín gánẹ́ẹ̀tì, irú òkúta pupa kan, ni wọ́n yọ́ mọ́ orí gíláàsì. Àwọn ará ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lò ó dáadáa, kì í ṣe ẹ̀tàn òde òní. Èmi ni mo san owó émírádì.

Ọgbọ́n bébà kò wúlò fún òkúta pupa bíi tiyín. Ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ bí ti ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, rúbì àtọwọ́dá ni, irú èyí tí Verneuil, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Faransé, kéde ní 1902. Á jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ òkúta náà, tàbí kí iṣẹ́ ọ̀hún má pẹ́ tó bí wọ́n ṣe wí. Bí kò bá sí ìlà tó tẹ̀, tí kò sí hóró afẹ́fẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti iye, kì í ṣe ẹyọ kan. Ti ìwọ̀n ló kéré jù, ti gbàǹjo tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń kọ fún ìbánigbófò ló máa ń ga jù, kò sì sí ẹni tó máa fi ìyẹn rà á lọ́wọ́ yín. Iye tí irú rẹ̀ ti tà ni kí ẹ fi wé e, ẹ má fi iye tí àwọn olùtajà ń pè wé e. Ẹni tí kò ní rà á lọ́wọ́ yín ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ojú kan, kó má gba ìdá nínú iye tó bá dá lé e.

Ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n rí ìkọ́ yẹn.