Kí o tó fi ìwé táńdà yẹn ránṣẹ́, béèrè ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ lọ́wọ́

Àbúrò mi ará Òmù-Àrán, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan polówó táńdà, pé kí àwọn kọ́ńpìnnì wá díje fún iṣẹ́, pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ wọn wà nínú rẹ̀. O fẹ́ mọ ìwé tó yẹ kí o kó jọ, o sì ń béèrè bóyá kí o yá owó bánkì fi ṣe é. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, níbí ní Ìlọrin. Ọdún 2023 ni mo gbà á, títí di òní, n kì í fẹ́ gba iwájú ọ́fíìsì wọn kọjá.

Ìwé kò le. CAC (ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnnì), ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, PenCom (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́), ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), NSITF (owó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́), ìforúkọsílẹ̀ BPP (àjọ tó ń bójú tó ríra nǹkan ìjọba), ìwé ìbúra ilé ẹjọ́, ẹ̀rí iṣẹ́ tí o ti ṣe sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìpolówó, kà á. Bí kọ́ńpìnnì rẹ kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, wá ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kí ẹ jọ gbà á.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kò sí nínú ìpolówó kankan. Dátà inú ẹ̀rọ àtijọ́ ni.

Wọ́n ní kí n kó àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ tó lé ní 3,000 kúrò nínú ètò kan tí wọ́n fi FoxPro, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kọ láyé ọjọ́un, kí n kó o sínú tuntun, kí n gbé sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú dátà, wá, kí n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Oṣù mẹ́fà. Ògbógi tí wọ́n gbà pé kó kọ ìwé iṣẹ́ náà kọ ìlà kan ṣoṣo nípa dátà: "Agbaṣẹ́ṣe yóò kó gbogbo dátà àtijọ́ wá." Ọkùnrin yẹn kò wọ yàrá ẹ̀rọ yẹn rí. Ó gba owó tirẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí a dé ibẹ̀, mo béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní kò sí lọ́wọ́ òun, kí n bi ẹ̀ka àkáǹtì. Ẹ̀ka àkáǹtì ní ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì tó kọ ètò náà ló wà. Kọ́ńpìnnì ní kò sí àdéhùn tó ní kí àwọn fún ẹnikẹ́ni, àfi kí wọ́n sanwó mìíràn. Kò sì sí i lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún wọn lọ́jọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n kó dátà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Lónìí ọ̀gá wà ní ìpàdé, lọ́la ọ̀gá ti lọ Àbújá. Èmi náà gba Jẹ́bà àti Mókwà lọ Àbújá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n padà sílé lọ kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin. Owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń ṣí lọ, wọ́n jókòó, wọn kò rí nǹkan ṣe.

Akọ̀wé kan ló ta mí lólobó pé bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì ló ń mójú tó ẹ̀rọ yẹn tẹ́lẹ̀, pé Ìṣánlú-Ìsin ló ń gbé. Mo wa ọkọ̀ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ó wọ yàrá, ó mú jọ́tà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya jáde. Gbogbo pásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìgbà tí mo ń lọ, mo ní kí wọ́n wá gbà á. Kò sẹ́ni tó wá." Omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ n kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ náà má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀. Mo gbé bàbá lọ sí ọ́fíìsì, ó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n fọwọ́ sí i, ọ̀gá ló wá fún mi pẹ̀lú lẹ́tà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ti wà nílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ ẹnìkan bá sọ nù lẹ́yìn náà, ìwọ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí ẹ̀rọ ṣí, wàhálà mìíràn ló kù. O mọ orúkọ àwa ará Ìlọrin: Abdulkadir, Abdul-Qadir, Abdulkadri, Kadiri, ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wọn, nọ́ńbà fáìlì méjì. Àwọn kan wà tí ọjọ́ ìbí wọn àti ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ kò ju ọdún mẹ́sàn-án síra wọn lọ. Èmi fi ọwọ́ ara mi tún díẹ̀ ṣe. Àṣìṣe ńlá ni. Ọjọ́ orí ọgọ́ta ọdún tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń fẹ̀yìntì, nọ́ńbà kan tí o bá yí lè rán bàbá ẹni lọ sílé láìtọ́jọ́. Obìnrin kan wá bá mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Má ṣe tún ohunkóhun ṣe. Tẹ gbogbo èyí tí kò bára mu sínú ìwé, kí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ sọ èyí tó tọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnìkan bá sì pè ọ́ lórí fóònù pé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ táńdà ni òun ti ń pè, pé kí o fi nǹkan ránṣẹ́ kí ó lè bá ọ sọ̀rọ̀, pa fóònù. Ẹnìkan tí mo mọ̀ ní Ọ̀fà ti sanwó fún irú wọn.

Ti owó. Oṣù kejì ọdún 2023 ni mo kọ iye owó sáfà sínú táńdà. Lóṣù kẹfà ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, lóṣù keje ni lẹ́tà iṣẹ́ tó dé. Iye owó sáfà ti gòkè kúrò níbi tí mo fi í sí. Mo sì fọwọ́ sí i, nítorí mo rò pé bí mo bá kọ̀, wọn kò ní pè mí mọ́. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, òfin ríra nǹkan ìjọba ti 2007 ló kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì gba gàráńtì bánkì lórí rẹ̀, ìwé tí bánkì fi dúró fún mi pé owó náà kò ní ṣòfò. Bánkì de owó tèmi mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní gàráńtì náà. Ìyókù, mo yá a.

Òfin yẹn kan náà sọ pé bí owó bá pẹ́ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí o bá ti fi ìwé ìbéèrè owó iṣẹ́ sílẹ̀, èlé wà lórí rẹ̀, iye tí ẹ bá kọ sínú ìwé àdéhùn. Nínú tèmi, wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Owó mi pẹ́ oṣù mẹ́sàn-án. Bánkì ń ka èlé tiwọn lójoojúmọ́, èmi kò ní kọ́bọ̀ kan láti béèrè. Ilẹ̀ tí mo rà ní ọ̀nà Ẹyẹńkọrin, tí mo fẹ́ kọ́lé àwọn ọmọ sí, òun ni mo tà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé kí táńdà tó parí, dìde kí o béèrè: ta ló mú pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ṣé NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ṣé ẹ ó jẹ́ kí a kọ ọ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀rọ àtijọ́ yóò fi ṣí? Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Má díyelé ibi ìpamọ́ dátà tó wà lókè òkun nítorí pé ó pọ́ọ́kú, dátà ìjọba gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà. Èmi ti fi ìyẹn náà pàdánù. Bí wọ́n bá sì fún ọ ní ìwé àdéhùn, ṣí i sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ èlé kí o tó mú bírò. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, má tíì lọ sí bánkì, kọ́kọ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi.