Kí ló dé tí ẹni tó pa àlọ́ fi ń búra pé òun kò purọ́?

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí: "Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bí a bá pa àlọ́ tán, a máa ń ní, 'Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró.' Àwọn ọmọ mi wá ń bi mí pé ṣé ìjàpá sọ̀rọ̀ rí ni, àbí erin jọba rí. Tó bá jẹ́ irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kí la wá ń búra sí?"

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ìbúra náà tán:

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká,
Ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà.
Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró.
Bí n kò bá purọ́, kí agogo ẹnu mi ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá àgbà tó wò mí dàgbà, aláàdìrẹ ni wọ́n ní Ìtokú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fa aṣọ funfun sórí itan, wọ́n á máa fi iko dì í ní kókó kókó de ọjọ́ tí wọ́n máa rẹ ẹ́ sínú aró. Ọwọ́ ń di aṣọ, ẹnu ń pa àlọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ibi ìbúra, wọ́n á gbé aṣọ sílẹ̀. Wọ́n á fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fun fèrè, wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á rọra lù ú: pó, pó, pó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀kẹta kò ró. A bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ibì kan wà tí mo fò." Ni wọ́n bá padà sí ibi tí Ìjàpá ti ń fi àkàrà olóyin tan Erin jáde nínú igbó, wọ́n pa á wá láti ibẹ̀ títí dé ibi tí Erin ti jókòó sórí ẹní ọba tí wọ́n tẹ́ bo ọ̀fìn, kí wọ́n tó tún ẹnu lù.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn mi wà. Wọn kò búra pé erin sọ̀rọ̀. Wọ́n búra pé bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n ṣe fi lé wa lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi búra: agogo. Akéde ló ń lu agogo kó tó jẹ́ iṣẹ́ ọba fún ìlú. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bù ú kù tàbí kó fi kún un.

Ẹ tún kíyè sí i pé a kì í lu ẹnu lẹ́yìn ìtàn. Kò sí Ẹ̀gbá tó máa sọ bí Lísàbí ṣe fi àáró kó àwọn àgbẹ̀ jọ títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́, tàbí bí Sódẹkẹ́ ṣe kó wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, kó wá lu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìtàn ní ẹlẹ́rìí: òkúta wà níbẹ̀, àwọn agboolé sì wà tó lè ní "rárá o, bàbá wa ló ṣíwájú." Àlọ́ kò ní ẹlẹ́rìí kankan àfi ẹnu ẹni tó pa á.

Àwọn Akan ní Gánà gba ọ̀nà mìíràn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àlọ́ Anansi, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn, wọ́n máa ń sọ ọ́ jáde pé àwọn kò sọ pé òótọ́ ni o. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an: àwọn fi ààlà síwájú, àwa fi sẹ́yìn. Àlọ́ méjèèjì ló sì la òkun já pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Anansi dé Jàmáíkà. Ní Kúbà, Jicotea ni wọ́n ń pe ìjàpá inú àlọ́. Wọ́n gba aṣọ lára àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, wọ́n gba orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló lè gba ohun tí ìyá ti fi sí wọn lẹ́nu?

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi fóònù rọ́pò ara yín lálẹ́. Ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì: "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dỌ́yọ̀ọ́." Àwọn ọmọ á pariwo pé ahọ́n ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá pa àpagbè, kí wọ́n máa gbe orin. Ní alẹ́ kejì, ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn pa á padà fún yín, kó sì lu ẹnu tirẹ̀. Bí kò bá ró, ẹ bi í pé ibo ló fò.